Bí mo ṣe ṣírò owó oṣù tí a gbé lọ sí dúnàádúrà ní Ògbómọ̀ṣọ́

Nígbà tí àdéhùn owó oṣù ilé-iṣẹ́ wa ń parí lọ, èmi ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní kí n bá wọn ṣe ìṣirò. Ariwo ìyanṣẹ́lódì laráàlú máa ń gbọ́, orí pẹ́sìlípì, ìwé tó ń to owó oṣù lẹ́sẹẹsẹ, ni iṣẹ́ gidi wà.

Mo gba pẹ́sìlípì láti ìpele kọ̀ọ̀kan, látọ̀dọ̀ mẹ́séńjà títí dé súpáfáísọ̀, mo sì ya owó inú wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń gba 90,000 náírà: básíìkì (owó oṣù gan-an, láìka àjẹmọ́nú) 40,000, owó ilé 20,000, owó ọkọ̀ 15,000, owó oúnjẹ 10,000, owó iná àti omi 5,000. Bí àwọn aláṣẹ bá ní àwọn yóò fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kún un, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Lórí kí ni? Tó bá jẹ́ lórí básíìkì nìkan, 6,000 ni. Tó bá jẹ́ lórí gbogbo ẹ̀, 13,500 ni. Mo kọ "lórí àpapọ̀ owó oṣù" sínú ìwé ìbéèrè wa níbi tójú ò ti lè fò ó.

Àwọn aláṣẹ fẹ́ràn kí wọ́n fi àfikún sórí owó oúnjẹ. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ dá ó kéré tán ìdá 10, kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8, lórí básíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀. Lórí 75,000 ẹni tí mo mú yìí, 7,500 ni ti ọ̀gá, 6,000 ni tirẹ̀. Ẹ fi 10,000 kún owó oúnjẹ, owó ìfẹ̀yìntì ò ní fi kọ́bọ̀ kan yẹ̀. Ẹ fi 10,000 yẹn kún básíìkì, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi 1,000 kún owó ìfẹ̀yìntì lóṣooṣù. Ófàtáìmù náà ń bẹ níbẹ̀: tí a bá pín básíìkì sí ọjọ́ 22, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, wákàtí kan á kúrò ní nǹkan bíi náírà 227 di 284. Lóòótọ́, 800 á kúrò nínú owó tí òṣìṣẹ́ ń mú lọ sílé, àwọn ọ̀dọ́ sì máa kùn. Mo ti sọ ọ́ fún wọn ní ìpàdé kí wọ́n tó rí i fúnra wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àríyànjiyàn láàárín àwa gan-an. Tí gbogbo wa bá gba 10,000 ọgbọọgba, ẹni 90,000 ti gba ju ìdá 11 lọ, ẹni 200,000 gba ìdá 5 péré. Iye kan fún gbogbo èèyàn, kí ìdá díẹ̀ sì gùn ún, ni mo rò pé kì í tú ẹgbẹ́ ká.

Owó oṣù tó kéré jù lọ, 70,000 láti oṣù Keje ọdún 2024 fún ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 25 sókè, ń mú wàhálà tirẹ̀ wá. Ẹni tó ń gba 60,000 á gòkè dé 70,000, ẹni tó ti lo ọdún mẹ́wàá tó ń gba 72,000 á wá fi 2,000 péré jù ú lọ. Mo kọ àlàfo tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ìpele sílẹ̀, mo sì fi kún un pé tí òfin náà bá yí padà kí àdéhùn tó parí, a óò tún jókòó.

Fún ẹ̀rí pé nǹkan ti wọ́n, iye gàrí àti ìrẹsì ní Tàkíè ni mo kọ, kóńgò kan náà lọ́wọ́ oníṣòwò kan náà, torí tí òṣùwọ̀n bá yàtọ̀, wọ́n á fi ya ìwé yín. Tí àwọn aláṣẹ bá ní ọjà ò tà, ẹ béèrè bí ófàtáìmù ṣe pọ̀ tó, torí ẹni tí ọjà rẹ̀ ò tà kì í sábà nílò ófàtáìmù.

Adójútòfò ẹ̀mí kò gbọ́dọ̀ wà lára ohun tí wọ́n "fún" yín: òfin ló ní kó tó owó oṣù ọdún mẹ́ta, ìyẹn 3,240,000 fún ẹni 90,000. Ní ti ìtọ́jú ìlera, ẹ kọ iye ọmọ tó wọ̀ ọ́ àti ilé ìwòsàn Ògbómọ̀ṣọ́ tí yóò gbà yín.

Ọjọ́ tí àfikún bẹ̀rẹ̀ ni mo fi parí rẹ̀. Bí dúnàádúrà bá gba oṣù márùn-ún, 13,500 ti di 67,500, ẹ ò sì ní rí i gbà tí kò bá sí nínú ìwé. Lẹ́yìn ìbuwọ́lù, ẹ̀dà mẹ́ta lọ sọ́dọ̀ mínísítà iṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14. Nígbà tí owó oṣù àkọ́kọ́ bá wọlé, ìlà básíìkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ tó wo àpapọ̀.