Owó Ń Bọ́ Lọ́wọ́ Yín Lásán: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́dọ̀ Àwọn Tó Fẹ́ Di Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá lobìnrin kan kó sátífíkéètì mẹ́ta wá fi hàn mí, ó fẹ́ máa kọ́ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn. Gbogbo ẹ̀ ló ní "wákàtí 120" gàdàgbà lórí, mo wá bi í pé nínú wákàtí 360 yẹn, mélòó ló fi dúró níwájú akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kò sí o. Fídíò ló wò, ó tẹ ìdáhùn lórí fóònù, sátífíkéètì sì dé. Inú bí mi gan-an, kì í ṣe sí òun, sí àwọn tó gbowó lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Àṣìṣe kìíní nìyẹn, kíkó sátífíkéètì jọ rẹpẹtẹ. TEFL àti TESOL tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn, orúkọ iṣẹ́ kíkọ́ àwọn elédè míì ní Gẹ̀ẹ́sì ni, kì í ṣe orúkọ ìwé-ẹ̀rí kan pàtó, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kó sì máa tà á. Kò sí àjọ kan ṣoṣo láyé tó ń yẹ gbogbo wọn wò, nítorí náà tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo ayé ló gbà á, ẹ bi wọ́n pé ta gan-an ló gbà á. Èyí táwọn agbanisíṣẹ́ mọ̀ bí ẹni mowó ni ìwé-ẹ̀rí CELTA ti Cambridge àti CertTESOL ti Trinity, àwọn àjọ ìdánwò ní Britain. Wọ́n gbówó lórí, mi ò ní parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n wákàtí 6 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tẹ́ ẹ máa fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ gidi, tí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ yín á máa wò yín, táá máa kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Wákàtí 6 yẹn lẹ ń sanwó fún. Tówó ò bá tíì tó, ẹ ra ọ̀kan nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú, àwọn iṣẹ́ kan wà tó máa gbà á, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra èkejì.

Èkejì, ká ti sanwó kọ́ọ̀sì tán ká tó lọ wo òfin físà. Ní Kòríà ti Gúúsù, físà E-2 tí wọ́n fi ń gba tíṣà èdè, tó bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè 7 ni wọ́n máa ń fún: Amẹ́ríkà, Kánádà, Britain, Ireland, Australia, New Zealand àti South Africa. Bẹ́ ẹ tiẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju ẹni tó ni ín lọ, pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n ń wò. Ṣáínà ní tiẹ̀, wọ́n máa béèrè digírì, sátífíkéètì ò sì lè gba ipò ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, fífi físà àbẹ̀wò lọ ṣiṣẹ́. Ẹ má dán an wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbára lé iléeṣẹ́ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ń bá kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà, ẹ rántí oṣù Keje ọdún 2021. Ìjọba Ṣáínà gbé òfin jáde lórí lẹ́sìn táwọn ọmọ ń ṣe lẹ́yìn iléèwé, wọ́n ní tíṣà tó jókòó sílẹ̀ òkèèrè ò gbọdọ̀ kọ́ àwọn ọmọ wọn mọ́, ọ̀pọ̀ tíṣà tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń jẹun ló wá di ẹni tí ò rí kíláàsì kankan kọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń bí mi nínú jù ni tíṣà tó ń dá sọ̀rọ̀. Nígbà tí èmi náà ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n jókòó wò mí bí mo ṣe ń kọ́ni, ìṣẹ́jú 40 ni, mo ṣàlàyé títí ọ̀fun mi fi gbẹ, mo rò pé mo ti ṣe bẹbẹ. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ mi wá fi ìwé ẹ̀ hàn mí: ìṣẹ́jú 31 lohùn èmi nìkan gbà, akẹ́kọ̀ọ́ 12 ló pín 9 tó kù. Ojú tì mí. Àwọn èèyàn yẹn sanwó láti wá sọ Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni mo ń bá wọn sọ ọ́.

"Ṣó yé yín?" sì ni ọmọ ìyá ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa sọ pé rárá. Lọ́jọ́ yẹn náà mo kọ gbólóhùn méjì sójú bọ́ọ̀dù: "She lived in Paris for 5 years" àti "She has lived in Paris for 5 years". Mo béèrè bóyá ó yé wọn, gbogbo orí ń mì. Ìyá kan níwájú tiẹ̀ ti fi bírò pupa fàlà sábẹ́ "has". Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ mi rọra ní kí n bi wọ́n pé níbo lobìnrin inú gbólóhùn kejì wà báyìí. Ìyá náà ní ó ti kúrò ní Paris, àwọn mẹ́ta míì sì gbè é lẹ́sẹ̀. Kò yé wọn rárá! Ó ṣì wà ní Paris, ohun tí "has" yẹn ń sọ nìyẹn. Ìbéèrè kékeré bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa bi wọ́n: ṣó ṣì ń gbé ibẹ̀? Kẹ́ ẹ fa ìlà sójú bọ́ọ̀dù láti ọdún tó débẹ̀ títí dòní. Àwa tá à ń sọ Yorùbá ò gbọdọ̀ ṣi eléyìí, torí "ó gbé Paris fún ọdún 5" àti "ó ti ń gbé Paris fún ọdún 5" ò jọra létí wa ráúráú.

Ẹ má yí ohùn bí òyìnbó, ẹ kàn sọ ọ́ kó já gaara, kí "ship" yàtọ̀ sí "sheep". Ẹ má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ torí "s" kan tó gbàgbé. Ẹ má ra ìwé títí ẹ fi mọ ìpele akẹ́kọ̀ọ́ náà, ṣé A1 ni, ìyẹn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àbí B2, ẹni tó ti ń sọ ọ́ dáadáa. Mo mọ ẹni tó ra ìwé C1, tàwọn tó ti mọ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, fún akẹ́kọ̀ọ́ A1, ẹ̀kọ́ méjì péré lọmọ náà ṣe tó fi sá lọ.

Obìnrin tó ní sátífíkéètì mẹ́ta yẹn, mo ti ní kó máa bọ̀ ní kíláàsì mi ní Sátidé. Ìṣẹ́jú 15 ni mo máa kọ́kọ́ fún un, èmi á jókòó sẹ́yìn, aago á wà lọ́wọ́ mi.