Ọrùn dúdú àti téèpù mi

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí i. Mo ní kó bá mi fọ ẹ̀yìn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi kànìnkànìn ha mí lọ́rùn bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. "Bàbá Ìbejì, ìdọ̀tí yìí mà kọ̀ ò lọ!" Mo ní oòrùn ni. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mò ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́ ní Mọ́kọ́lá, nídìí maṣínì. Oòrùn wo ló ń pa mí níbẹ̀?

Télọ̀ ni mí. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ rán ṣòkòtò fún ara mi, téèpù ní ìbàdí mi di 41. Mo tún un wọ̀n. 41 náà ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì rí ọrùn mi nígbà tó wá gba aṣọ. Kò rẹ́rìn-ín. "Dádì, ẹ lọ yẹ ṣúgà yín wò. Láti alẹ́, ẹ má jẹ nǹkan kan o, omi nìkan." Mo lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí mo ti mu ẹ̀kọ gbígbóná ife kan. Ẹ̀kọ ò kúkú jọ oúnjẹ lójú mi. Nígbà tí mo jẹ́wọ́, ọmọbìnrin tó fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ó dọ̀la.

Lọ́jọ́ kejì, ṣúgà mi jẹ́ 112 (mg/dL ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n). Tí kò bá tó 100, kò séwu. 100 sí 125 ni ẹnu ààlà. Tó bá dé 126, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tí kò yí padà, àtọ̀gbẹ ni. Wọ́n tún ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní HbA1c, tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí lára wa láti bí oṣù mẹ́ta. Tèmi jẹ́ 6.1, 5.7 sí 6.4 ni ẹnu ààlà tirẹ̀. (Èèyàn lè jẹun kó tó ṣe ìyẹn. Ẹ̀kọ mi ì bá má dí i lọ́wọ́.)

Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú, torí mi ò kì í fi ṣúgà sí tíì. Nọ́ọ̀sì wa ní, "Dádì, ẹ kà á sí pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni aṣọ tẹ́ ẹ rán tán. Ínsúlínì ni ọmọ iṣẹ́ tó ń gbé e lọ fún oníbàárà, ìyẹn àwọn iṣan ara yín. Oníbàárà ò wá tètè ṣílẹ̀kùn mọ́ ńkọ́?" Mo ní màá rán ọmọ iṣẹ́ méjì, mẹ́ta sí i, kí wọ́n jọ máa kanlẹ̀kùn. Ó ní ohun tí ara mi ń ṣe nìyẹn, ó sì lè ti tó ọdún mélòó kan. Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ bá ṣì pọ̀ tó, ṣúgà ò ní ga. Ìgbà tó bá ń rẹ ẹ̀yà ara tó ń pèsè wọn ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ọ̀rá inú ikùn wà lára ohun tó ń dí oníbàárà létí. Ínsúlínì tó pọ̀ jù yẹn náà ló ń sọ awọ ọrùn di dúdú, tó ń mú un nípọn. Kànìnkànìn ti ń jìyà lásán!

Àmàlà dúdú tí mo fi ń tan ara mi jẹ, ṣúgà náà ló ń dà nínú ẹ̀jẹ̀. Ìgbakọ mẹ́rin ni mò ń jẹ. Mo sọ ọ́ di ẹyọ kan ààbọ̀. Alámàlà ní ṣé owó ò sí ni? Mo ní kó fi ewédú àti ẹja dí i. Ìyẹn rọrùn. Ẹlẹ́rìndòdò aago méjì ọ̀sán ló fẹ́ pa mí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á ṣí tiwọn, yóò hó ṣììì, èmi á máa wo ihò abẹ́rẹ́.

Nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, mò ń rìn dé Sábó, mò ń rìn padà. Iṣan ẹsẹ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń gba ṣúgà wọlé láìdúró de ínsúlínì púpọ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2002, àwọn tó wà lẹ́nu ààlà bíi tèmi gbìyànjú láti dín ìwúwo ara wọn kù ní ìdá 7 nínú 100, kí wọ́n sì máa fi ìṣẹ́jú 150 gbéra lọ́sẹ̀. Ewu àtọ̀gbẹ fi ìdá 58 nínú 100 dín kù fún wọn. Ti àwọn tó ń lo oògùn metformin fi 31 dín kù.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta: 103, àti 5.8. Mi ò tíì kúrò lẹ́nu ààlà. Ìbàdí ti di 38. Mo ti rán ṣòkòtò yẹn wọlé, àmọ́ mi ò tíì gé ìyókù aṣọ inú rẹ̀.