Ibi Tó Yẹ Kí Kọ́mà Dúró Sí Nínú Ọ̀rọ̀ WhatsApp

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Agbowó, ní òdìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn. Káàdì ìnáwó, ìwé ẹ̀bẹ̀, ìwé àdéhùn ilé, gbogbo rẹ̀ ni mò ń tẹ̀. Àmọ́ láyé ìsinsìnyí, fóònù ni àwọn oníbàárà ń nà sí mi jù: “Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí kí n tó fi ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ mi.” Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Kì í ṣe òfin ilé ìwé o, bí èmi ṣe ń ṣe é ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú kọ́mà, òun ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Àwa kì í ṣáà pe òbí lórúkọ, orúkọ ọmọ la fi ń pè wọ́n. Ẹ wá wo “Bàbá Ṣọlá ti dé”. Bàbá tó bí Ṣọlá ló dé yẹn. Ẹ fi kọ́mà kan sí i: “Bàbá, Ṣọlá ti dé”. Ọmọ ló dé báyìí, bàbá là ń sọ fún. Tó bá jẹ́ pé ẹnu lẹ fi sọ ọ́, ẹ ó dánu dúró díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ṣì yín gbọ́. Nínú fóònù, kọ́mà yẹn nìkan ló máa bá yín dánu dúró. Nítorí náà, ẹni yòówù tí ẹ bá pè níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ fi kọ́mà sí i kí ẹ tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ: “Mọ́mì, Rísí ń pè yín.” “Alága, omi ò wá láti àná.” Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, èyí nìkan ni mo kà sí dandan.

“Mà” àti “sà” kò nílò kọ́mà níwájú ní tiwọn. “Ẹ káàárọ̀ mà” ti tó. Tí ẹ bá kọ “Ẹ káàárọ̀, mà”, àfi bíi pé ọ̀wọ̀ ni ẹ gbàgbé, tí ẹ wá sáré padà wá mú un.

Ti àmì ìbéèrè kò le. Níbi tí “ṣé” tàbí “ńkọ́” bá ti wà, ẹ lè fi sí i, ẹ lè má fi sí i. Bí onílé bá kọ “Owó ilé ńkọ́” láìsí àmì kankan, ayálégbé mọ ohun tó ń bi òun. Ibi tí àmì náà ti ṣe kókó ni ibi tí kò ti sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: “Ẹ ti sanwó?” Ẹ yọ àmì yẹn kúrò, ó di “Ẹ ti sanwó”. Bí onílé yín bá gbàgbé àmì rẹ̀ lọ́nà yìí, ẹ tètè ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù yín. Rìsíìtì nìyẹn.

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì náà ń da àwọn ènìyàn láàmú gan-an, pàápàá àwọn tó ń kọ ohun tí wọ́n sọ ní ìpàdé àdúgbò. “Kúnlé ní mo ń bọ̀.” Ta ló ń bọ̀? Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ yìí, ẹni tó kọ ọ́ ló ń bọ̀, Kúnlé kàn sọ bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ Kúnlé ló ń bọ̀, “Kúnlé ní òun ń bọ̀” ni. “Òun” yìí ni èmi máa ń lò, torí wíwá àmì àyọlò (“ ”) lórí fóònù máa ń gba àkókò. Ṣùgbọ́n bí “òun” bá ti pọ̀ jù, kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tó ni èwo mọ́: “Ó ní òun sọ fún un pé òun kọ́ ni òun gé wáyà.” Wọ́n lè torí irú èyí jà dé àgọ́ ọlọ́pàá. Níbi tó bá ti rí báyìí, ẹ forí tì í, ẹ wá àmì náà, kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ sí ẹnu ẹni tó sọ ọ́: Kúnlé ní, “Èmi kọ́ ni mo gé wáyà.”

Fúlísítọ́ọ̀pù wá ńkọ́? Nínú ọ̀rọ̀ tó gùn, ẹ lò ó, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn kan ń kọ ìlà mẹ́wàá láìdúró, èémí ẹni tó ń kà á á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ló yàtọ̀. Lójú àwọn ọ̀dọ́, “Ó dáa.” dà bí ẹni gbá ilẹ̀kùn mọ́ni lójú. Bí ẹ kò bá bínú, “Ó dáa o” ló yẹ kí ẹ kọ, tó bá sì jẹ́ àgbà, “Ó dáa mà”. Àwọn àgbà wa kan náà wà tí dọ́ọ̀tì mẹ́ta ni kọ́mà wọn, òun náà ni fúlísítọ́ọ̀pù: “Ẹ kú iṣẹ́... mo rí ohun tí ẹ fi ránṣẹ́... Ọlọ́run á bùkún yín...” Ọmọ tí kò mọ̀ á máa rò pé nǹkan wà nínú ìyá yìí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, bó ṣe ń mí ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún ló kọ “Ó dáa...” sí yín, ẹ pè é lórí fóònù, ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀.

Àmì ìyanu kan tó. “Háà!” ti parí.

Ní ti àmì ohùn, mi ò ní kí ẹ to gbogbo rẹ̀ nígbà tí ẹ wà nínú mọ́tò. Ẹ fi àmì sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ní gbogbo ìgbà. Ti orí, ẹ fi sórí ọ̀rọ̀ tó lè ṣini lọ́nà. Bí ìyàwó ilé bá kọ “Ọkọ mi bàjẹ́ sí Òjòó”, ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ ẹbí, nígbà tó jẹ́ pé mẹkáníìkì ló ń wá. “Mo ń bọ ní Mápó”: òrìṣà wo?

Àwọn tó kàwé ṣáájú àkọtọ́ 1974, ìyẹn ìlànà bí a ṣe ń kọ Yorùbá, ṣì ń kọ “aiye” àti “nwọn”, wọ́n sì ń fi àmì kékeré sí àárín “l'ọ́jà”. Ẹ má tún un kọ fún wọn nínú gúrúùpù ẹbí. Bíbélì tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn ṣì kọ “aiye” bẹ́ẹ̀. Lórí káàdì ìnáwó, “lọ́jà” lásán ni mò ń tẹ̀, àyàfi bí oníbàárà bá ní ti àtijọ́ lòun fẹ́. Owó rẹ̀ ni.

Ó ku ti owó. 5,000 ni kí ẹ kọ, kì í ṣe 5.000. Nọ́ńbà àkáǹtì, tí í ṣe díjítì mẹ́wàá, ẹ fi sí ìlà tirẹ̀, ẹ má fi fúlísítọ́ọ̀pù lẹ̀ mọ́ ọn nídìí, ẹ má sì fi kọ́mà pín in. Orúkọ báǹkì àti orúkọ ẹni á wà ní ìlà tó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó jẹ yín lówó á ṣe lè tẹ̀ ẹ́ mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò ní rí àwáwí pé kò wọlé.