Ojú tó ń gbẹ mí lóru, àṣé fáànù ni
Ẹ̀yin tí ojú yín máa ń ta láàárọ̀ bíi pé iyanrìn wà nínú ẹ̀, ẹ gbọ́ o. Ó lé lọ́dún kan tí mo ti ń kán dúrọ́ọ̀pù sójú kí n tó sùn, tó bá fi máa di aago 3 òru ó ti gbẹ pátá. Àṣé fáànù tó kọjú sí mi ni, ìyàwó mi tún ní ojú mi kì í pa dé tán tí mo bá sùn (mo kọ́kọ́ bá a jiyàn o). Mo yí fáànù sápá ẹsẹ̀, dókítà ojú wá fún mi ní jẹ́ẹ̀lì tó ki, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti máa ń fi sí i torí ó máa ń jẹ́ kí ojú ríran bàìbàì díẹ̀, ẹ ò lè fi tẹ fóònù. Mo tún ń fi aṣọ tó lọ́ wọ́rọ́ lé ojú fún ìṣẹ́jú 10 kí epo inú ìpéǹpéjú lè yọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, mi ò jí lóru wá dúrọ́ọ̀pù mọ́.