Ọjọ́ 56: Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Ìtànṣán fún Jẹjẹrẹ Ọrùn Ilé-Ọmọ Láìpàdánù Ọjọ́

Ìtọ́jú yìí ní gbèdéke. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ tan ìtànṣán sí ìsàlẹ̀ ikùn yín, ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ parí láàárín ọjọ́ 56. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ṣẹ́ kù á ráyè máa pọ̀ sí i, agbára ìtọ́jú á sì dín kù. Ìtìjú sì wà lára ohun tó ń jẹ ọjọ́ wọ̀nyí. Obìnrin á máa ya ìgbẹ́ gbuuru, kò ní sọ, títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ tí wọ́n á ní kó lọ sinmi. Òmíràn á ní òun ń rùn, òun ò lè wọ ọkọ̀ èrò lónìí.

Ẹ jẹ́ ká tètè yanjú ọ̀rọ̀ àbùkù. Kòkòrò HPV, tó ń ràn nípa ìbálòpọ̀, ló ń fa èyí tó pọ̀ jù lọ nínú jẹjẹrẹ yìí. Ẹni tí kò mọ ju ọkọ kan ṣoṣo lọ lè kó o, ó sì lè wà lára fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó di jẹjẹrẹ, nítorí náà ẹni tó ń wádìí ta ló kó o ran ta kàn ń da ara rẹ̀ láàmú ni. Kì í ṣe àfiṣe. Ìtànṣán tí ẹ̀rọ ń tàn látìta kì í sì bá yín délé: ẹ lè dáná, ẹ lè gbé ọmọ, ẹ lè bá ọkọ yín sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Ẹ jẹ́ kí dókítà fúnra rẹ̀ sọ èyí létí ọkọ. Ohun tí kò ní gbà lẹ́nu yín, ó lè gbà á lẹ́nu dókítà.

Ètò tó wọ́pọ̀ ni ìgbà 25, Mọ́ńdè sí Fúráídè, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, pẹ̀lú cisplatin, oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fà sínú iṣan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Brachytherapy, ìyẹn ìtànṣán àtinú, ló máa ń tẹ̀ lé e. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ CT ya àwòrán inú ara yín, wọ́n á sì sàmì tíntìntín sí ìbàdí yín; ẹ má fi kàn-ìn-kàn-ìn bó o. Ẹ bọ́ bèbè àti ìlẹ̀kẹ̀ ìdí títí ìtọ́jú á fi parí, torí wọ́n máa ń ha awọ tí ìtànṣán ti sọ di ẹlẹgẹ́.

Lójoojúmọ́, kó tó kàn yín, ẹ yàgbẹ́ bó bá ṣeé ṣe, ẹ tọ̀ tán, kí ẹ wá mu omi ọ̀rá kan, bíi 50cl. Ẹ má tọ̀ fún ìṣẹ́jú 30 sí 45. Àpò ìtọ̀ tó kún ló ń ti ìfun sókè kúrò lójú ìtànṣán. Ẹni tó bá ti mu omi látilé, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á mú un, á tọ̀ ọ́ dànù kó tó débẹ̀. Ẹ béèrè iye èèyàn tó kù níwájú yín kí ẹ tó mu ún. Bí ilé ìwòsàn yín bá dá ìwọ̀n tiwọn, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ mú ìró kan dání láti fi bora, ẹ sì lè ní obìnrin lẹ ẹ́ fẹ́ kó tò yín sórí bẹ́ẹ̀dì.

Láti ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta ni ìgbẹ́ gbuuru máa ń dé. Bí dókítà bá ti fọwọ́ sí loperamide, oògùn tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró, hóró méjì (4 mg) lẹ ó kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà ẹyọ kan lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó má ju hóró mẹ́jọ lọ lójúmọ́. Ẹ máa mu ORS, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi ara padà. Ẹ dín ẹ̀wà, ata àti wàrà kù. Ẹ̀kọ, ìrẹsì àti ẹja rọrùn fún ìfun. Bí ibà bá dé 38°C, tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ìgbẹ́ jáde, ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́.

Òórùn ńkọ́? Bakitéríà tó ń jẹ ẹran ara tó ti kú ló ń fà á, oògùn metronidazole (Flagyl) sì sábà máa ń bá a wí. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, ó ti gbọ́ ọ rí. Ẹ má fi álọ́ọ̀mù tàbí ọṣẹ fọ ojú ara nínú. Àgbo náà, ẹ fi sílẹ̀: cisplatin lè ba kíndìnrín jẹ́, kò yẹ kí ẹ tún di ẹrù mìíràn lé e lórí. Ẹ béèrè PCV yín, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara yín, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá ń lọ sísàlẹ̀ 30%, ẹ tètè wá ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ máa kọ ìgbà tí ẹ ti gbà sínú ìwé tiyín. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ẹ má kàn yíjú padà sílé. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa fi dí i. Wọ́n lè fi Sátidé kún un, tàbí kí wọ́n ṣe ẹ̀ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan pẹ̀lú wákàtí mẹ́fà ó kéré tán láàárín wọn.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lójú ara sábà máa ń dá kí ìgbà 25 tó pé, ibẹ̀ ni ọ̀fìn wà. Ẹ má torí ẹ̀ sá fún brachytherapy. Ìtànṣán àtìta gbọ́dọ̀ gba ara ìfun àti àpò ìtọ̀ kọjá, kò ṣeé fún yín tó èyí tó lè pa jẹjẹrẹ náà run. Àtinú ló ń dé ojú ibi gan-an. Wọ́n á ki ohun èlò kan bọ ojú ara. Ẹ béèrè oògùn ìrora tàbí oorun ṣáájú, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Iṣẹ́jú díẹ̀ ni ìtànṣán náà fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n á sì yọ gbogbo rẹ̀.

Obìnrin tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù, kó mọ̀ ṣáájú pé á dá, kò sì ní lóyún mọ́. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá parí, nọ́ọ̀sì á kọ́ yín ní lílo dilator, ohun èlò bí ìka, pẹ̀lú jẹ́lì olómi: ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí ẹ kò bá ṣe é, ògiri ojú ara lè lẹ̀ mọ́ra, dókítà ò sì ní rí ọ̀nà wò ó mọ́. Ti opó náà nìyẹn, kì í ṣe ti ẹni tó lọ́kọ nìkan.