Bọ́ọ̀lù tó ń yà sápá òsì lórí tábìlì snooker

Aṣọ tábìlì snooker wa ti já lẹ́nu ihò, bọ́ọ̀lù sì ń yà sápá òsì ṣáá. Àwọn ọmọ àdúgbò ní ilẹ̀ ni kò tẹ́jú. Irọ́ ni. Nígbà tí mo ṣí aṣọ, òkúta pẹlẹbẹ mẹ́ta tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kò dọ́gba mọ́. Ìda tó so wọ́n pọ̀ ti fọ́ wẹ́wẹ́. Mo fi spirit level àwọn bíríkìlà wò ó, mo ki páálí tín-ín-rín bọ abẹ́ èyí tó rì, mo yọ́ ìda oyin sójú oríkèé, mo sì fi abẹ fá a títí ìka mi ò fi mọ ibi tí wọ́n ti pàdé. Aṣọ tuntun ńkọ́? Ẹ fà á le bí awọ ìlù kí ẹ tó kàn án. Ti igi ara tábìlì ò le: sáńpépà, fánìṣì, ó tán. Bọ́ọ̀lù ń lọ tààrà báyìí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá ò rí àwáwí mọ́.