Bí a ṣe ń fọ ìbọn ṣakabùlà lẹ́yìn tó bá ti dún

Ìbọn tí bàbá mi fi sílẹ̀, ọwọ́ èmi náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ sí. A yìn ín níbi ìṣípà ọdẹ kan ní Ilé-Ifẹ̀ lásìkò òjò. Ilẹ̀ ti ṣú ká tó délé, mo bá kàn fi òróró pa á látòkè délẹ̀, mo gbé e kọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, aṣọ funfun tí mo tì bọ inú rẹ̀ pọ́n wá bí ilẹ̀ amọ̀. Ó dùn mí wọra. Òróró kì í fọ ẹ̀tù. Omi ní í fọ̀ ọ́, lọ́jọ́ náà gan-an.

Nínú ìwọ̀n 100 ẹ̀tù dúdú, nǹkan bí 75 jẹ́ iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní saltpetre, èédú 15, imí-ọjọ́ 10. Bó bá jó, ohun tó ju ìdajì rẹ̀ lọ kì í di afẹ́fẹ́: òmíràn bá èéfín jáde, ìyókù lẹ̀ mọ́ inú ìbọn bí eérú. Eérú yìí ń fa omi mọ́ra, irin abẹ́ rẹ̀ a sì dógùn-ún.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ìbọn ṣófo. Ẹ bọ́ síta, ẹ kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò séèyàn, kí ẹ yọ kápù, ìyẹn ìdérí kékeré tó ń ta iná sí ẹ̀tù. Ẹ ti ọ̀pá tí a fi ń ki ìbọn wọlé títí yóò fi kanlẹ̀, kí ẹ fi ẹfun sàmì síbi tó ti bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Ẹ fà á yọ, kí ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn níta, àmì ẹfun níbi ẹnu. Orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ dé ọ̀gangan ibi tí kápù ń jókòó. Bó bá fi ìka méjì kù, nǹkan ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ gbé e lọ bá àgbà ọdẹ. Bàbá mi kì í fo èyí, kódà bó jẹ́ òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn ín.

Ẹ wá da omi gbígbóná àti ọṣẹ sí i láti ẹnu, kí ó máa ṣàn jáde níhò kápù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí omi má wọ igi ìdí rẹ̀. Ẹ fi aṣọ wé orí ọ̀pá, kí ẹ máa tì í, kí ẹ máa fà á. Omi àkọ́kọ́ á dúdú, á máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ẹ máa pààrọ̀ omi títí aṣọ yóò fi jáde ní funfun. Omi tó gbóná dáadáa dára jù, torí irin tó bá gbóná ń tètè gbẹ.

Àwọn kan ń tú ẹ̀tù inú kátíríìjì sínú ṣakabùlà nítorí pé kì í dọ̀tí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Lóòótọ́, ẹ̀tù dúdú ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi bẹ̀rẹ̀ kátíríìjì ìbọn ogun wọn tí wọ́n ń pè ní .303 ní 1888, ọta rẹ̀ ń sáré ẹsẹ̀ bàtà 1,850 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀tù tuntun, irú èyí tó ń wà nínú kátíríìjì báyìí, lágbára jù ú lọ, ó gbé e dé nǹkan bí 1,970. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n rọ fún un ló gbà á. Páìpù ṣakabùlà lè là mọ́ yín lójú.

Bí inú rẹ̀ bá gbẹ, ẹ fi òróró ẹ̀rọ ìránṣọ pa á fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ tún ti aṣọ funfun bọ̀ ọ́. Bó bá pọ́n díẹ̀, ẹ tún omi gbé kaná.